Eyín Tí A Jọ Ń Retí

"Ya ẹnu. Yà á dáadáa, má jẹ́ kí n bá ọ jà ní kùtùkùtù."

Mo ya ẹnu. Àtàǹpàkò Ìyá wọlé, ó gbóná díẹ̀, ó ń rùn fún wàrà àti èéfín igi. Ó fi ọwọ́ kejì gbé àgbọ̀n mi sókè kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè bọ́ sí mi lẹ́nu, ó sì ń fi àtàǹpàkò yẹn wọ́ èrìgì mi nísàlẹ̀ lápá òsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sórí ẹní. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò wàrà ń kùn lórí iná. Ọyẹ́ ti bo gbogbo àgbàlá débi pé mi ò rí orí igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo rí irun funfun kéékèèké tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

"Kò tíì yọ," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ le. Bí ibẹ̀ bá ti le báyìí, ó ń bọ̀ nìyẹn."

Àfi bí alángbá kan ṣe yọrí lára ògiri, tó ń gbé orí sókè sódò bí àwọn alángbá ti máa ń ṣe. Ìyá fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó jù ú mọ́ ọn. "Pa ẹnu dé! Pa ẹnu rẹ dé kíá kó tó rí i!" Mo pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹnu mi. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, alángbá sá, adìyẹ sá, èmi pàápàá sá.

Ẹni tí kò bá mọ̀ kó mọ̀: bí eyín ọmọdé bá já, alángbá kò gbọdọ̀ rí àlàfo ibẹ̀. Bó bá fi rí i, eyín náà kò ní hù mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ fún Ìyá nígbà tó wà ní kékeré nílùú Ìlọrin, báyìí náà ló ṣe sọ fún mi ní Kwali nítòsí Àbújá. Mi ò mọ ohun tí alángbá fẹ́ fi àlàfo ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Síbẹ̀, jálẹ̀ ọyẹ́ ọdún yẹn, èmi àti Ìyá di ọ̀tá gbogbo alángbá àdúgbò, nítorí eyín kan ṣoṣo tí a jọ ń retí.

Kì í ṣe òun ló bí mi, kò sì bí ìyá tàbí bàbá mi. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Yàrá tiwa kọjú sí tirẹ̀, àgbàlá wà láàárín. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìlọrin nígbà tí ọkọ náà ń kiri aṣọ láti Abaji títí dé Wuse. Ọkọ kú, àwọn ọmọ ti lọ sílé tiwọn, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ìyá Oníwàrà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Káfíńtà ni bàbá mi, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ló ń sùn. Ìyá tó bí mi ń se oúnjẹ nínú ilé ńlá kan láàárín ìlú Àbújá; bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń gbé e lọ, ó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó dé. Láàárín ìgbà náà, ọmọ Ìyá Oníwàrà ni mí. Ó ń wẹ̀ mí, ó ń lù mí, ó ń ṣe mí lóge, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo bá di ojú báyìí, ìró ilé yẹn ló kọ́kọ́ ń dé. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń jí wa. Wọ́n á ti gbé igbá wàrà dé ẹnu ọ̀nà kí oòrùn tó là. "Sànnu, Ìyá." "Yàuwá, sànnu. Ṣé ẹ ò bu omi sí ti òní?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tọ́ ọ wò síbẹ̀. Á dà á sínú ìkòkò, á fẹ́ iná, èéfín á gba àgbàlá kan. Lẹ́yìn náà á fún omi ewé bọ́mubọ́mu sí i, á wá jókòó sórí àpótí, kò ní rò ó mọ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ sókè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ló máa ń wí. Ó ní wàrà máa ń mọ ẹni tó ń kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Á bù ú sínú àwọn apẹ̀rẹ̀ kéékèèké, omi rẹ̀ á máa kán tó, tó, tó, sínú àmù tó rà lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò. Lórí ìró yẹn ni mo máa ń tún sùn lọ títí tí yóò fi pè mí pé ilé ìwé ti tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ adùn. Ìyá mi á tú báàgì rẹ̀: súìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ṣokoléètì tó ti yọ́ tó tún dì, bisikíìtì tí wọ́n tú tí wọn ò jẹ tán. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé ńlá yẹn, ẹgbẹ́ mi ni, kì í jẹ nǹkan tán. Màdáámù á ní kí ìyá mi kó èyí tó kù lọ fún ọmọ tirẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń fún wa, ìfẹ́ náà ni ìyá mi fi ń gbé e bọ̀, mo sì ń fi gbogbo ọkàn jẹ ẹ́. Mo máa ń fi ẹyọ kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sùn kó lè pẹ́ lẹ́nu. Inú ìyá mi máa ń dùn láti rí i pé mo ń jẹ ohun tí ọmọ olówó ń jẹ.

Àsìkò òjò ni eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ihò dúdú kékeré kan ló kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. Ìyá ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Ó po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún mi láti fi yọ ẹnu. Ó fi kànáfùrù sínú ihò náà, ó ta mí dójú ikú, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú. Ó ń fi wàrà tí kò níyọ̀ bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́, òjò ń rọ̀ lórí páánù, ó sì ń fi itan rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún mi. Ká sọ tòótọ́, àwọn ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi nínú ìrora náà. Nígbà tí ìyá mi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ojú mi ti wú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù," ni ìyá mi wí.

Ìyá Oníwàrà wo ẹnu mi, ó tún wo ìyá mi tí kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. "Ọsibítù kẹ̀? Nítorí eyín ọmọdé? Ṣebí yóò já náà ni, òmíràn á sì rọ́pò rẹ̀. Lọ sinmi, ìwọ ọmọ yìí. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Eyín iwájú mi ti já lọ́dún náà, tuntun sì ti ń yọjú. Gbogbo obìnrin tó wà ní àgbàlá ló gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tọ́ ọmọ rí, kò sì sí ọ̀kan tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín rí.

Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, bàbá Haúsá arúgbó kan tó ń jókòó lábẹ́ igi dógóyárò nítòsí ọjà. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó fi mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dì mí mọ́ àyà. "Bìsìmílà," ó wí sí mi létí, "wo ọ̀run, má wo ọwọ́ rẹ̀." Mo wo ọ̀run. Mi ò rántí ìrora náà mọ́. Ohun tí mo rántí ni ọkàn Ìyá tó ń lù kìkìkì lẹ́yìn mi, àti àwọsánmà tó ń kọjá láàárín ewé dógóyárò, tó rọra ń lọ.

Bàbá náà gbé eyín sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kai!" ló wí. Ó tóbi, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì gígùn tí ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn. "Ọmọ kékeré, eyín ńlá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Egungun ọmọ mi ló le," ó wí, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ di eyín náà.

Nígbà tí a délé, ó fọ̀ ọ́, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ kún un, ó kó gbogbo rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n jù ú sórí ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí n bẹ òrùlé pé kó gba èyí tó bàjẹ́ kó fún mi ní tuntun. Mo jù ú. Ó dún lórí páánù, ó yí gbirigbiri, ó dákẹ́. Gbogbo àgbàlá dúró pẹ̀lú wa, wọ́n ń tẹ́tí.

"Ó ti gbà á," ni Ìyá wí. "Á hù. Mo ṣèlérí fún ọ."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń retí. Wọ́n ya àgbàdo tán, wọ́n wa iṣu, koríko gbẹ, ọyẹ́ dé. Eyín iwájú mi hù tán, wọ́n tóbi, wọ́n sì rí gágá bí eyín ehoro. Ti ẹ̀yìn kò yọjú. Lójoojúmọ́, kí ó tó bu wàrà sínú apẹ̀rẹ̀, ẹnu mi ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní àfàìmọ̀ kí alángbá má ti rí i. Ó ní ẹ̀rín mi ti pọ̀ jù, pé ta ló ń ya ẹnu rẹ́rìn-ín nínú oòrùn tí gbogbo ẹran ilẹ̀ ń wò. Ó kọ́ mi láti máa fi ọwọ́ bo ẹnu bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì mọ́ mi lára. Ọkọ mi rò pé ìtìjú ni nígbà tó kọ́kọ́ rí mi. Ó ní ìyẹn ló wú òun lórí. Mi ò sọ fún un pé alángbá ni mò ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré nínú Ìyá. Ó ti fún mi ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ ẹni tí ń ṣèlérí lásán. Mo máa ń bá a lórí ẹní àdúrà, kí ó tó dìde, mo sì ń gbọ́ tí ó ń fi èdè Yorùbá bẹ Ọlọ́run nítorí eyín mi, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún òjò.

Nígbà ìsinmi, ìyá mi gbé mi lọ sí ilé ńlá yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, ilé náà sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ èémí ara mi. Ọmọbìnrin ilé náà mú mi lọ sí yàrá rẹ̀. Kì í gbéraga rárá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, mo ń fi díẹ̀ tí mo gbọ́ dá a lóhùn. Nígbà tó rí àlàfo mi, ó ya ẹnu tirẹ̀ kí n wò ó. Eyín kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ kan náà, nísàlẹ̀ lápá òsì; ohun funfun kan wà lórí rẹ̀ tó ń dán. Ó ní ó dúdú tẹ́lẹ̀. Ó ní dókítà eyín òun tan iná búlúù sí i, ó dí i, ó sì fún òun ní bàlúùnù. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò já kí òmíràn tó hù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn kì í já, pé títí ayé ni.

Màdáámù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí òun náà wo ẹnu mi, ó sì wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe ìyá mi láti ilé ìdáná.

"Ah-ah, ẹ ò mọ̀ ni?" ló wí. "Eyín àgbà ni wọ́n yọ yẹn o. Once ó ti jáde, ó tán nìyẹn, kì í hù mọ́. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"A ò mọ̀, mà," ni ìyá mi dáhùn.

Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn Màdáámù, àánú ló wà níbẹ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ló fà á tí ìyá mi fi padà sílé ìdáná, tó sì ń fọ abọ́ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo sọ fún Ìyá Oníwàrà nígbà tí mo padà dé. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé Màdáámù ni Ọlọ́run tó ń hu eyín?" Ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa, nítorí mo gbọ́ ìró tẹ̀súbáà rẹ̀ nígbà tí mo ta jí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ó wọ aṣọ ọdún iléyá, a wọ bọ́ọ̀sì, ó di ọsibítù ìjọba.

Mo rántí bẹ́ǹṣì gígùn kan tí ó kún fún ọmọdé. Wọ́n fi gèlè so ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan. Àwọn kan ń sùn lórí ìyá wọn pẹ̀lú ẹnu tó ṣí sílẹ̀. Òórùn ísáàlì tí wọ́n fi fọ ilẹ̀ ń kọ lu imú. Oòrùn rìn láti ara ògiri kan dé èkejì kó tó kàn wá. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ohùn Èkìtì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fara balẹ̀ wo ẹnu mi, ó wá fa àga súnmọ́ Ìyá.

"Màmá, ẹ gbọ́. Eyín tí ẹ yọ yẹn kì í lé eyín kankan kúrò láyè rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń hù sí, nígbà tí ọmọ bá ti tó bí ọdún mẹ́fà. Ó kàn máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́ ni. Nítorí pé ọmọ ṣì kéré, gbogbo èèyàn á rò pé eyín ọmọdé ni. Òun sì ni wọ́n máa fi jẹun dọjọ́ alẹ́."

"Èyí tí mo ní kí wọ́n yọ..." Ìyá kò parí rẹ̀.

"Kò ní hù mọ́, mà."

Ìyá wo ilẹ̀. Dókítà tan iná sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, lápá ọ̀tún. "Ìkejì rẹ̀ náà ti ń dúdú," ó wí. "Ìyẹn ṣì ṣeé dí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa kò ṣiṣẹ́ báyìí, Màmá. Yíyọ nìkan la lè ṣe níhìn-ín. Àwọn tó lówó máa ń lọ sí ọsibítù àdáni láàárín ìlú." Ojú ń tì í bó ti ń sọ ọ́.

Ìyá dìde, ó fà mí mọ́ra. "Ẹ ò ní yọ ọ́. Mo ti yọ ọ̀kan fún un. A ó máa padà wá títí ẹ̀rọ yín yóò fi ṣiṣẹ́."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kwali. Ilẹ̀ oko ń sá kọjá lójú fèrèsé, ó pupa, ó kún fún ìkùukùu eruku, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá a kò ní délé mọ́, a ó kàn máa lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wọ àgbàlá, ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ síwájú mi.

Ẹ̀yin tí a bí nílé Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àgbàlagbà, arúgbó, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ń wẹ̀. "Ọmọ mi," ó wí, "mo ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Mo gba ohun ayérayé lẹ́nu rẹ, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Má bínú sí mi." Ẹ̀rù bà mí. Èmi náà kúnlẹ̀, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí ọmọ lè ṣe, a sì kọjú síra wa lórí ẹní, a ń sunkún. Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tirẹ̀ pẹ́. Èmi ni mo fà á dìde níkẹyìn, nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn pé wàrà dà.

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ lórí ti ọ̀tún. Ó sọ fún ìyá mi pé kó máa fi súìtì ilé ńlá sílẹ̀ ní ilé ńlá, ìyá mi sì gbà. Ó ń dúró tì mí láàárọ̀ àti lálẹ́ bí mo ti ń fọ eyín. A ń padà lọ sí ọsibítù yẹn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kò síná. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń dí i ti tán. A tún lọ, wọ́n ń ṣe ìyanṣẹ́lódì. Inú ń bí i, ó sì ń sọ ọ́ síta lórí bẹ́ǹṣì, kí gbogbo ìyá tó jókòó lè gbọ́: pé ẹ yẹ ẹnu àwọn ọmọ yín wò lẹ́yìn pátápátá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé yóò hù, èmi ni mo tan ara mi jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà padà ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó dúró síta, ó kọ̀. Ó di ẹsẹ̀ mi mú títí iná búlúù náà fi tàn tó sì kú. Dókítà ní kó wá wò ó. Ó wò ó pẹ́, kò fọwọ́ kàn án. "Alihamudulilai," ló ké, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta sì gbè é láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Eyín ọ̀tún yẹn ṣì wà. Òun ni mo fi ń jẹ egungun adìyẹ, òun ni mo fi ń jẹ àgbàdo sísun. Mo ti dàgbà, mo sì ń gbé láàárín ìlú báyìí. Àwọn ọmọ mi ní dókítà eyín tó mọ orúkọ wọn. Wọ́n ń jókòó sórí àga tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí ẹni pé eré ni wọ́n wá ṣe.

Àwọn ọmọ Ìyá gbé e padà sí Ìlọrin nígbà tí agbára rẹ̀ tán. Mo lọ kí i. Ó ti kéré, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọdé lórí ibùsùn náà, iyè rẹ̀ sì ti rá. Kò mọ̀ mí. Ó ń pè mí ní orúkọ àwọn tí mi ò mọ̀, ó ń bi mí léèrè àwọn ọjà tí kò sí mọ́, mo sì ń bá a tà, mo ń bá a rà. Oòrùn ọ̀sán rọra wọlé láti ojú fèrèsé. Ó sọ ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo rín in tọkàntọkàn láìfọwọ́ bo ẹnu, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Eyín kan ò sí níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Ta ló yọ ọ́ fún ọ?"

Ìbínú wà lóhùn rẹ̀, ìbínú ẹni tó ṣe tán láti dìde lọ bá èèyàn jà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó tì wá la ẹnu, mo ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́.

"Ẹnìkan ni, Ìyá," ni mo wí. "Kò mọ̀ ni. Ó fẹ́ràn mi gan-an."

Ó rò ó títí. "Kò mọ̀?"

"Kò mọ̀, Ìyá."

"Àwọn tó mọ̀ ńkọ́?" ló bi mí. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún un?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sùn lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ayé sílẹ̀, inú mi sì dùn pé ó ti gbàgbé ẹni tó jẹ̀bi kó tó lọ. Èmi kò gbàgbé. Bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́, ahọ́n mi á lọ sí ibi tó ṣófo yẹn fúnra rẹ̀, ìbéèrè Ìyá ni yóò sì bá níbẹ̀. Mo ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà, mi ò sì tíì mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó yẹ kí n gbé e lọ.